Agogo Tó Dákẹ́ Nínú Akoto

Alùpùpù ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹni tó gùn ún. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja ní kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ abúlé Takmar, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ, ọ̀dà búlúù lẹ̀ mọ́ ibi tó họ, iwájú rẹ̀ sì dojú kọ odò ńlá tó ń hó yàà nísàlẹ̀ àfonífojì. Gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló wo alùpùpù, ó wo odò, ó sì mi orí. Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Spalzes Angmo tó dé, wọ́n ti ń fi "olóògbé" pe Bàbá Vasant Phadnis, wọ́n sì ti mú ẹni tó pa á.

Ohun tí Spalzes kórìíra jù láyé nìyẹn, kí wọ́n bá a parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé. Obìnrin kúkúrú ni, àgbàlagbà, ó máa ń rìn kíákíá bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná sílé, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kó gbé ohùn sókè. Gbogbo agbègbè náà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń bẹ̀rù ìyá tí kì í gbàgbé nǹkan.

"Ta ló sọ pé bàbá yẹn ti kú?" ó bi kọ́ńsítébù rẹ̀.

Murup, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ látìgbà tí ikùn rẹ̀ ò tíì yọ, nawọ́ sísàlẹ̀. "Màdáàmù, odò yẹn ò dá ẹnikẹ́ni padà rí."

"Odò ni mo bi, àbí ìwọ?"

Murup fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ẹni tí wọ́n mú wà lẹ́yìn jíìpù ọlọ́pàá. Gurmel lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù láti Punjab, ó ga, ó sanra, láwàní rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró síwájú díẹ̀, ọkọ̀ búlúù tí wọ́n ya òdòdó pupa yí ká, tó kó ọ̀dùnkún kún dẹ́nu. Àwọn kan ti sọ òkúta lu gíláàsì iwájú rẹ̀, gíláàsì náà ti sán. Lórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà ni ọmọbìnrin bàbá náà jókòó sí, Mrunal, ará Pune, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé akoto alùpùpù rẹ̀ lé itan, kámẹ́rà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ibi àgbọ̀n akoto náà, ó sì ń wo Gurmel bí ẹni pé ojú lè pa èèyàn.

"Apànìyàn," ó ń wí. "Apànìyàn ni yín."

Spalzes gun ẹ̀yìn jíìpù, ó jókòó ti Gurmel. Jíìpù tẹ̀ sọ́dọ̀ Gurmel síbẹ̀síbẹ̀.

"Ọ̀dà ọkọ̀ rẹ ló wà lára alùpùpù yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, búlúù pọ̀ láyé."

"Lóòótọ́. Búlúù tó ní pupa létí ńkọ́?"

Gurmel wo ọwọ́ rẹ̀. Omijé ti ń gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Mi ò pa èèyàn. Mo fi orí ìyá mi búra, mi ò pa èèyàn."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o pa èèyàn. Alùpùpù ni mo bi ọ́. Dúró, má tíì dá mi lóhùn."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tọ alùpùpù lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pe Murup.

"Kí lo rí níbí?"

"Ibi tó họ ni, màdáàmù."

"Gbogbo ayé ti rí ibi tó họ. Irin tó fi ń dúró ńkọ́?"

Murup wò ó. Irin tí alùpùpù fi ń dúró wà ní títà síta gbọnran. "Ó wà níta."

"Ta ló ń ta irin ẹsẹ̀ síta tó tún ń sáré? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Ó dáa. Bàbá yìí rọra dúró ni, ó ta irin síta, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Kò sẹ́ni tó gbá a." Ó padà sẹ́yìn jíìpù. "Gurmel, alùpùpù yìí dí ọ lọ́nà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọkùnrin náà tú sílẹ̀ bí àpò tí okùn rẹ̀ já. "Mo tẹ họ́ọ̀nù, ẹ̀gbọ́n! Mo tẹ họ́ọ̀nù títí, kò sẹ́ni tó jáde. Kọ́nà yẹn ò gba èmi àti maṣíìnì pọ̀. Mo ní kí n rọra fi ọkọ̀ tì í díẹ̀ báyìí, ó sì wó. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ẹni tó ni ín á ní kí n ra tuntun. Mo bá tẹsẹ̀ mọ́ ọn."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Ta ló máa gbà? Ọmọ yẹn ń sunkún, àwọn èèyàn ń ju òkúta. Ẹ wo bí mo ṣe tóbi, ẹ̀gbọ́n. Tí èèyàn kékeré bá sọnù, irú mi ni wọ́n máa ń mú."

Ó dun Spalzes dọ́kàn, nítorí òótọ́ ni. Àmọ́ kò tú u sílẹ̀. Òótọ́ ẹnì kan kì í ṣe òótọ́ títí èèyàn á fi rí ìdajì rẹ̀ kejì, ìdajì kejì sì wà lọ́wọ́ bàbá tí ẹnikẹ́ni ò rí. Oòrùn ti ń tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ní Takmar, bí oòrùn bá wọ̀, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá fara gbọgbẹ́ síta ò ní rí àárọ̀.

* * *

"Sọ̀rọ̀ bàbá rẹ fún mi," Spalzes wí. Ó ti rí tíì oníbọ́tà gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gbé e lé Mrunal lọ́wọ́.

"Kí ni màá sọ? Odò ti gbé wọn lọ."

"Sọ èyí tí odò ò lè gbé lọ."

Mrunal mu tíì náà, iyọ̀ inú rẹ̀ mú kó yínmú, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí. Ó ní òun àti bàbá òun ló máa ń gun alùpùpù kiri, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà orí akoto ya ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán tòun ni, ohùn ti bàbá òun.

"Látìgbà tí màmá mi ti kú, bàbá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ nílé. Ẹ kú àárọ̀, ó dàárọ̀, ó tán. Lọ́jọ́ kan mo de akoto yìí mọ́ wọn lórí, mo fi máìkì sí i, mo ní ká jọ lọ ra ẹ̀fọ́. Màdáàmù, wọ́n rojọ́! Wọ́n kọrin! Mo rò pé nínú akoto, ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n."

"Ohùn wọn ló wá di òkìkí."

"Àwọn èèyàn ò tiẹ̀ wo ọ̀nà tí mo ń yà mọ́. Ohùn bàbá ni wọ́n ń gbọ́. Bàbá náà sì sọ ọ́ di iṣẹ́. Wọ́n ní fídíò tí afẹ́fẹ́ ń pariwo nínú rẹ̀ dà bí ìrẹsì tó ní òkúta. Wọ́n gbé máìkì sún mọ́ ètè, wọ́n fi fóòmù bò ó, wọ́n tún fi òwú súwẹ́tà rán fìlà fún un. Fìlà, màdáàmù! Fún máìkì!"

Spalzes rẹ́rìn-ín. Ó ti ń fẹ́ràn bàbá tí kò rí rí, ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu fún ọlọ́pàá.

Mrunal ní òun ló ṣíwájú lọ sí àgọ́ onítíì òdìkejì àfonífojì, níbi téèyàn ti lè rí kọ́nà yìí lọ́ọ̀ọ́kán. Òun ṣí akoto, òun gbé e ka orí ògiri, òun ń mu tíì, òun ń retí bàbá. Bàbá ò dé. Òun gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí òun padà wá, alùpùpù nìkan ló wà nílẹ̀.

"Kámẹ́rà rẹ ò ya nǹkan kan?"

Murup gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "A ti wò ó, màdáàmù. Bó ṣe gbé akoto sórí ògiri, kámẹ́rà kọjú sókè. Ojú ọ̀run lásán ló yà. Àwọsánmà."

"Ṣé ẹ tẹ́tí gbọ́ ọ?"

"Kí la fẹ́ gbọ́ lára àwọsánmà?"

Spalzes bẹ̀rẹ̀ mọ́ akoto náà. Wáyà tín-ín-rín kan ló ń wò, tó jáde láti inú akoto tó wọ inú kámẹ́rà. "Kí ni wáyà yìí ń ṣe?"

"Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú akoto ni," Mrunal wí. "Tí bàbá bá sọ̀rọ̀ nínú akoto tiwọn, mo ń gbọ́ ọ nínú tèmi, kámẹ́rà mi sì ń gba ohùn àwa méjèèjì sílẹ̀. Tí òkè ò bá ti wà láàárín wa…" Ó yíjú wo òdìkejì àfonífojì. Láàárín àgọ́ onítíì àti kọ́nà yìí, òkè kankan ò sí.

"Ta ló ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ nígbà tí o ṣí akoto?"

Mrunal fọwọ́ bo ẹnu. Kámẹ́rà nìkan ló ń gbọ́.

* * *

Wọ́n fi wáyà so akoto náà mọ́ bátìrì jíìpù. Spalzes fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí kan, Mrunal fi èkejì sí etí tirẹ̀, Murup na ọrùn láàárín wọn bí àkùkọ. Lójú fóònù Mrunal, àwọsánmà funfun ń lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ohùn àgbàlagbà kan wọlé, ó mọ́ gaara bí ẹni pé ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

"Mrunal, dúró, gbọ́ èyí. Gbọ́ bó ṣe dùn tó."

Agogo kan dún. Tíín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Tíín. Ó tún dákẹ́, ìwọ̀n kan náà. Tíín.

"Èyí ni ká fi bẹ̀rẹ̀ fídíò," bàbá náà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. "Màmá rẹ ì bá fẹ́ràn rẹ̀."

Agogo náà ń dún lọ. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Tíín… tíín…… Ó dákẹ́ pátápátá.

"Há. Kí ló dé? Ó ti há. Má ṣèyọnu, màá tún un ṣe." Òkúta yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà mí gúlegúle, ó ní "Ó kù díẹ̀," nǹkan sì dún gbì. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun ò sí mọ́.

Mrunal bú sẹ́kún. "Bàbá mi nìyẹn! Kò sí ohun tí wọn kì í tún ṣe! Hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí, wọ́n tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n!"

"Agogo ọrùn àgùntàn ni mo gbọ́," Murup wí, ara rẹ̀ ti yá. "Àwọn darandaran wà ní pápá òkè. Bàbá yẹn lọ bá wọn, ìjà ṣẹlẹ̀. Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká lọ kó wọn!"

"Àgùntàn ilé ta ló ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ kó tó jẹko? Agogo àgùntàn á dún mẹ́ta, á dákẹ́, á tún dún méje. Èyí kò yẹ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀." Spalzes gbé akoto Mrunal, ó dé e. Orí rẹ̀ kéré sí i, ó yí bìrí lórí rẹ̀. "Murup, mú ife àti ṣíbí. Lọ síbi igi yẹn, kí o máa lu ife, kí o sì máa sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ."

Murup lọ. Wọ́n rí i tó ń lu ife, ẹnu rẹ̀ ń lọ wuyẹwuyẹ, ó sì ń jọ pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ dáadáa. Ó padà dé, ó lu ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀, èyí tó lù nídìí igi ò sí níbẹ̀ rárá, àmọ́ èyí tó lù nítòsí ń dún kedere.

"Kí lò ń sọ nídìí igi yẹn?"

"Àdúrà ni, màdáàmù."

"Ọlọ́run ti gbọ́. Èmi ò gbọ́, ohun tí mo sì fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Fóòmù tó ń lé afẹ́fẹ́ dànù, ó ń lé ohun tó jìnnà dànù pẹ̀lú. Máìkì yìí kì í gbọ́ ju ohun tó wà níwájú ètè lọ. Bàbá yìí tún dé fìlà fún tirẹ̀ lé e. Agogo tó mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀, bàbá lè fọwọ́ kàn án láti ibi tó dúró sí." Ó ṣí akoto, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Agogo tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, tí kì í yẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń lù ú. Murup, ibo lo ti mọ irú rẹ̀?"

Murup la ẹnu, ó sì di ọmọ Takmar padà. "Àgbá àdúrà!"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àfi ẹni tó wá láti Pune. Àgbá ńlá tí wọ́n kó àdúrà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, tí omi òkè ń yí nínú ilé òkúta kékeré, tí irin orí rẹ̀ sì ń lu agogo ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. Ìdílé tí èèyàn wọn bá kú á kọ́ ọ̀kan, kí omi lè máa gbàdúrà fún òkú ọ̀hún. Takmar sì ti pẹ́ láyé, àgbá wọn kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè. Téèyàn bá ní kóun yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú.

"A ò ní yẹ gbogbo wọn wò," Spalzes wí. "Bàbá rẹ rò pé ó há. Àgbá wa kì í há, ọmọ mi. Tí agogo bá dákẹ́, ẹnì kan ló darí omi sínú oko rẹ̀. Ọdún yìí, yìnyín ò tó lórí òkè, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún láyè láti darí omi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gba omi lọ́sàn-án yìí, àgbá rẹ̀ ló dákẹ́."

* * *

Meme Tundup, Bàbá Àgbà Tundup lédè wọn, ni apínmi abúlé, arúgbó tí wọ́n yàn pé kó máa sọ ẹni tí omi kàn. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń wo oòrùn lára àpáta bí ẹlòmíì ti ń wo aago.

"Bàbá, ta lẹ fún lómi lónìí?"

"Kunzes."

"Ìgbà wo ló máa dá a padà?"

"Nígbà tí oòrùn bá kúrò lórí àpáta yẹn. Omi á padà sídìí àgbá. Kò yẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń pín in."

Spalzes wo àpáta. Oòrùn tó kù níbẹ̀ ò ju ìbú aṣọ ìnura lọ. Ìgbà yẹn gan-an ló tó yé e. Bàbá tó fẹ́ tún àgbá ṣe, ibo ló máa wọ̀? Ihò ìsàlẹ̀ ni, níbi tí omi ti ń ti àgbá yí. Tó bá wà níbẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí, tí omi bá sì padà…

"Bàbá, omi yẹn ò gbọ́dọ̀ padà."

"Ọlọ́pàá ò láṣẹ lórí omi, Spalzes. Bàbá rẹ pàápàá mọ̀."

"Èèyàn wà lábẹ́ àgbá."

Arúgbó náà dìde. Kò béèrè ọ̀pá rẹ̀.

Wọ́n dé oko Kunzes, àwọn mẹ́rin, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àgbá tó wà lẹ́yìn oko náà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, agogo rẹ̀ ń dún bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé. Mrunal sáré wo ihò abẹ́ rẹ̀. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ lọ́wọ́ kan náà.

Kunzes, ìyá àgbà kan tó ń ṣa koríko, jáde sí wọn. "Ṣé kò sí wàhálà?"

"Ìyá, ṣé ẹ gba omi lọ́sàn-án yìí?" Spalzes bi í.

"Mo gbà á o. Mo bomi rin oko mi dáadáa, kí Ọlọ́run bù kún Meme."

Spalzes wo ilẹ̀ oko, ó ti gbẹ, ó ti sán. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá náà. Bàtà tó gbẹ táútáú ló wà níbẹ̀, eruku lásán ló bò ó. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí kí Meme Tundup má baà gbọ́.

"Ìyá mi, ẹni tó bomi rin oko ń fi ẹrẹ̀ lọ sílé. Ta lẹ fún?"

"Kí ni…"

"Mi ò wá bá yín jà lórí omi. Bàbá ọmọ yìí ṣubú sábẹ́ àgbá tó dákẹ́, mi ò sì mọ àgbá wo ni. Tí omi bá dé bá a níbẹ̀, ó tán nìyẹn."

Ìyá Kunzes wo Mrunal tó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì wó. "Yangchan ni," ó wí, ó sì wí i sókè ketekete kí gbogbo ayé gbọ́, ó ti pinnu. "Ìyàwó àbúrò mi. Ó bá Meme yìí fa ọ̀rọ̀, Meme ní kò ní rí omi lọ́sẹ̀ yìí. Ọkà báálì rẹ̀ ń kú lọ! Ọmọ mẹ́ta ló ní! Mo fún un ní tèmi, ẹ wá mú mi!"

"O fún un ní omi tí mo pín fún ọ?" Meme Tundup ké.

"Mo fún un! Ọ̀la náà màá tún fún un!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́," Spalzes wí. "Àgbá Yangchan, ibo ló wà?"

"Òkè kọ́nà gan-an, lẹ́yìn àwọn igi," Kunzes wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án, ó sì gbá àyà mú. "Ẹ̀rù máa bà á. Kò ní dúró de oòrùn. Á dá omi padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i."

Kò sẹ́ni tó ní kí Meme Tundup sáré. Àmọ́ òun ló kọ́kọ́ lọ, ó gbá aṣọ rẹ̀ mú lókè orúnkún, ó gba ojú ọ̀nà omi lọ sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń darí omi Yangchan. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán: "Yangchan! Má fọwọ́ kan koríko tí o fi dí omi yẹn! Dá omi dúró! Omi tìrẹ ni, mo ní omi tìrẹ ni!"

* * *

Ẹ̀gbẹ́ jíìpù ni Spalzes gbà kọjá. Ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Gurmel. "Tẹ̀ lé mi. Mo nílò ẹni tó tóbi."

Lẹ́yìn àwọn igi, ilé òkúta kékeré kan dúró, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Mrunal dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ihò.

"Bàbá?"

"Ọmọ yìí," ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó rọ bí ẹni tó ti pariwo títí kó tó sú u. "Ṣé o gba ohùn agogo yẹn sílẹ̀?"

Mrunal ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe. Bàbá Vasant wà níbẹ̀ tòun ti akoto lórí, òkúta ihò náà ni kò jẹ́ kí ohùn akoto rẹ̀ jáde mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sábẹ́ igi tó ń gbé àgbá. Omi díẹ̀ ti ń sun yíyọ́yíyọ́ wọlé, ó ti dé ìgbáròkó rẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Lókè, Meme Tundup àti Yangchan ti wọ inú ojú omi, àwọn méjèèjì tó ń bára wọn jà lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n fi ẹ̀yìn ara wọn dí i, wọ́n sì ń pariwo fún ara wọn pé kí wọ́n má yẹsẹ̀.

"Àgbá mímọ́ ni, a kì í ṣí i nípò," Murup wí.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," Gurmel wí. Ó bọ́ sínú ihò, ó fi èjìká sábẹ́ igi náà, ó gbé àgbá, àdúrà, àti agogo lápapọ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Mrunal àti Spalzes wọ́ bàbá náà jáde.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Òtútù ti mú un dé egungun, àmọ́ ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún Murup pé ìdè kan ti jẹrà lábẹ́ àgbá náà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Gurmel bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó fi wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e pọ̀n, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Jíìpù kéré jù, ọsibítù sì jìnnà. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà, ibùsùn wà lẹ́yìn ìjókòó.

Mrunal dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò lè gùn ún. Gíláàsì tí wọ́n fọ́ wà níwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó wí, "apànìyàn ni mo pè yín. Níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ sì…" Ó nawọ́ sí gíláàsì náà.

Gurmel ń nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Wọ́n sọ fún ọ pé bàbá rẹ kú. Ká ní bàbá tèmi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ni mo máa fi jà. Wọlé, ọmọ ìyá mi. Di orí rẹ̀ mú dáadáa. Ọ̀nà yìí ò dára."

Ó wọlé. Ọkọ̀ búlúù náà gbéra, Spalzes àti Murup sì tẹ̀ lé e nínú jíìpù. Gbogbo èèyàn òpópónà náà ló mọ Gurmel ní awakọ̀ tí kì í fi ẹsẹ̀ kan búréèkì, tó máa ń lé ewúrẹ́ àti ọlọ́pàá wọgbẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó ń dúró tó bá dé etí kòtò kọ̀ọ̀kan, á fara balẹ̀ wọ̀ ọ́, á fara balẹ̀ jáde, á sì tún dúró. Ọkọ̀ mìíràn ti tò jọ lẹ́yìn wọn. Murup ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó na ọwọ́ sí họ́ọ̀nù.

Spalzes gbá a lọ́wọ́.

"Jẹ́ kó rọra," ó wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀. "Bàbá ẹni ẹlẹ́ni ló gbé."